Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́rin Tó Kọ̀: Ohun Tí A Rí Nínú Mùdùnmúdùn Màmá Oníyán Kan ní Iléṣà

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ kan ni wọ́n gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ Màmá dé iwájú mi nínú láàbù. PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 21 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a wá páìǹtì méjì fún wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ wọn kò fi falẹ̀ rárá: èèyàn mẹ́rin láti ìjọ wọn ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, O pọ́sítíìfù ni gbogbo wọn, bíi ti Màmá. Mo rò pé wákàtí kan péré ni iṣẹ́ náà máa gbà mí.

Mo ṣe crossmatch àkọ́kọ́, ìyẹn àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fi sílẹ̀ bá ti aláìsàn mu; ẹ̀jẹ̀ náà so mọ́ra, àmì pé ó kọ̀. Mo ṣe ìkejì, bákan náà ni. Ìkẹta kọ̀, ìkẹrin kọ̀. Ni mo bá mú sẹ́ẹ̀lì pupa Màmá fúnra wọn, mo pò ó pọ̀ mọ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ tiwọn, ìyẹn náà tún so. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń kọ ara rẹ̀, ó yẹ kéèyàn tún un wò. Mo kán díẹ̀ sórí sílàídì, mo sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò ṣù jọ bí ẹ̀jẹ̀ tó bá kọ ara wọn ṣe máa ń ṣù. Ńṣe ni wọ́n tò léra wọn, bí àwo tí wọ́n fọ̀ tán tí wọ́n kó léra nínú búkà. Mo yọ omi inú ẹ̀jẹ̀ náà kúrò, mo fi omi iyọ̀ dípò rẹ̀, mo rọra gbọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn tú ká.

Àṣé ẹ̀jẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò kọ Màmá. Ohun kan ló wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń lẹ sẹ́ẹ̀lì mọ́ra. Wọ́n gba páìǹtì méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sí wàhálà. Èmi ni n kò lè lọ sílé kí n gbàgbé rẹ̀.

Mo gba àṣẹ Màmá àti ti àkọ́bí wọn kí n tó kọ àkọsílẹ̀ yìí. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀, orúkọ àdúgbò wọn kò sí níbẹ̀.

Ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Iyán ni wọ́n ń gún tà ní Iléṣà láti ìgbà tí àkọ́bí wọn ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí iyán jẹ́ fún wa, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn tó bá ti gbé ọmọ odó fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tí yóò ṣe háà tó bá ń dùn. Ohun tó fa ìdádúró nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ ni ẹ̀yìn fi ń ro Màmá. Wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n ní iṣẹ́ ni, wọ́n ní ọjọ́ orí ni. Wọ́n lo àgbo. Wọ́n lo oògùn ara ríro láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá mẹ́ta-mẹ́ta, lójoojúmọ́, fún oṣù bíi márùn-ún. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n tọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sẹ́ni tó yẹ ESR wò, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rì sí ìsàlẹ̀ túùbù tó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní, nítorí àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ kéré gan-an ni.

Ní ọjọ́ Sátidé mo gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù láti kí wọn. Wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, wọn kò fẹ́ yí.

“Ẹ káàsán Màmá. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín lánàá.”

“Ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin sọ fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi lóun ò gba ti ẹnikẹ́ni. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ṣe mí?”

“Rárá o, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ yín gba tiwọn. Ohun kan ló pọ̀ jù nínú omi rẹ̀, òun la ń wá.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí kò sí nínú fáìlì. Wọ́n ní òùngbẹ máa ń gbẹ àwọn lóru títí àwọn fi ń gbé ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti pé ìgbẹ́ kì í yà mọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọ rò pé ìtọ̀ ṣúgà ni, wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà kò sí. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn ìwé, mo sì sọ fún dókítà kí wọ́n fi kálísíọ́ọ̀mù kún àyẹ̀wò.

Àbájáde ọjọ́ Ajé: ESR 138 ní wákàtí àkọ́kọ́. Àpapọ̀ púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ 112 g/L, albumin 27 péré nínú rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé 85 tó kù jẹ́ globulin. Kálísíọ́ọ̀mù 2.9 mmol/L, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá nǹkan bíi 2.6. Creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, 190 µmol/L. Kálísíọ́ọ̀mù yẹn ló ń fa òùngbẹ, òun náà ló ń dí ìfun. Egungun ló ń tú u dà sínú ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò HIV kò rí nǹkan kan.

Mo na ẹ̀jẹ̀ Màmá sórí sílàídì tuntun, mo sì pa á láró. Kí n tó gbé e sábẹ́ gíláàsì ni mo ti ń fi ojú lásán rí i pé ó búlúù ju àwọn tó kù nínú àgbékà lọ. Púrótéènì tó pọ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ló mu aró bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà fa mùdùnmúdùn láti ẹ̀yìn egungun ìbàdí. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú sílàídì mẹ́wàá lórí tábìlì, nítorí mùdùnmúdùn kì í dúró de èèyàn. Tó bá dì tán nínú sírínjì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú máa ń dé awọ, ó máa ń dé ojú egungun, ṣùgbọ́n kò dé inú ihò egungun níbi tí fífà náà ti ń dùn. Màmá di ọrùn ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n ń pe Jésù. Nígbà tí dókítà fà á, ẹ̀jẹ̀ jáde pẹ̀lú wóro-wóro funfun kéékèèké nínú rẹ̀, bíi gaàrí tó rin. Wóro yẹn ni mùdùnmúdùn gan-an. Mo fi etí sílàídì kan fà á lórí òmíràn, mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí mẹ́wàá fi pé.

Leishman la lò. Aró méjì ló wà nínú ìgò rẹ̀, búlúù àti pupa, nínú ọtí methanol. Ọtí yẹn kọ́kọ́ máa ń mú sẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan, lẹ́yìn náà la ó wá bu omi lé e, omi yẹn ló sì ń mú àwọ̀ jáde. Tí omi náà bá kan jù, ohun gbogbo á pọ́n, àṣírí sẹ́ẹ̀lì á sì bò mọ́lẹ̀. Nítorí náà mo tún omi wọ̀n fúnra mi lọ́jọ́ náà, n kò lo èyí tó wà nílẹ̀ láti àná.

Ní awò kékeré, mo rí i pé inú mùdùnmúdùn náà kún. Mo kán òróró, mo yí awò ọgọ́rùn-ún sí i. Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó bọ́ sójú mi kún fún ìléròrò, bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ inú adágún omi òjò. Ìléròrò bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, róbótó-róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n fún mọ́ra wọn nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Mo sún sílàídì, mo rí òmíràn. Mo sún un, mo tún rí méjì. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé mi ni pé sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ni wọ́n, ìyẹn macrophage, tó gbé ọ̀rá mì.

Ọ̀gá mi wá jókòó síbi maikirosikóòpù. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún sẹ́yìn.

“Wo ibi tí kókó rẹ̀ wà.”

Mo wò ó. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kókó náà, ìyẹn nucleus, wà, ìléròrò ti tì í mọ́ ògiri.

“Wo inú kókó náà.”

Ohun dúdú inú rẹ̀ tò yíká etí bíi wáyà àgbá kẹ̀kẹ́.

“Wo àwọ̀ ibi tó kù láàárín ìléròrò kan sí èkejì.”

Búlúù ni, búlúù tó jinlẹ̀ bí ẹ̀lú.

Sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ kì í ní búlúù bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì plasma ni. Mo gé ohun tí mo kọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara, n kò mọ èyí tí ìrísí rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn tó sẹ́ẹ̀lì plasma. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kó máa ṣe áńtíbọ́dì, púrótéènì tí ara fi ń bá àkóràn jà, kó sì máa tú u jáde. Astrid Fagraeus, obìnrin ará Sweden, ló fi ẹ̀rí iṣẹ́ yìí lélẹ̀ ní 1948. Sẹ́ẹ̀lì kan lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńtíbọ́dì jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ti fi maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo inú rẹ̀ rí i pé àpò pẹlẹbẹ ló kún ibẹ̀, wọ́n tò léra wọn ní ìpele-ìpele, tí ríbósómù, ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ṣe púrótéènì, sì so mọ́ ògiri wọn tìmùtìmù. RNA inú ríbósómù yẹn ló ń mu aró búlúù tí a ń rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó rẹ̀ ni ibì kan wà tí kò mu aró, ó mọ́ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Golgi ló wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń di áńtíbọ́dì ní ẹrù kó tó jáde.

Tí ẹrù kò bá wá rí ọ̀nà jáde ńkọ́? Bóyá áńtíbọ́dì náà kò ká bó ṣe yẹ kó ká, bóyá iṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ẹnu ọ̀nà gbà lọ. Sẹ́ẹ̀lì kò dẹ́kun. Ó dà bí ilé búrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ kò kú, tí ilẹ̀kùn àbájáde sì há. Púrótéènì á máa jọ sínú àwọn àpò pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn títí wọn yóò fi wú, tí wọn yóò di róbótó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìléròrò náà la ń pè ní Russell body. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kún fún un bí ti Màmá yìí la ń pè ní Mott cell.

William Russell, oníṣègùn ní Edinburgh, rí ìléròrò wọ̀nyí nínú jẹjẹrẹ ní 1890, ó sì rò pé olú kéékèèké kan ni, pé òun gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Frederick Mott, ará Gẹ̀ẹ́sì, rí sẹ́ẹ̀lì tó kún náà nínú ọpọlọ tí àìsàn oorun ti bà jẹ́, àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Mo mẹ́nu ba Mott nítorí ohun tí ọ̀gá mi sọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, “Má tíì pè é ní jẹjẹrẹ o.” Mott cell lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Àkóràn tó ti pẹ́ lára lè mú un wá, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà náà lè mú un wá. Láàbù tó bá rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ṣàjèjì, tó sì sáré kọ orúkọ àrùn, lè ṣe ìdílé kan léṣe.

A wá wo àwọn tó yí i ká. Mo ka sẹ́ẹ̀lì 500, plasma jẹ́ 171 nínú wọn, ìyẹn 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú mùdùnmúdùn tí ara rẹ̀ dá, wọn kì í sábà kọjá márùn-ún. Àwọn kan ní kókó méjì, mo rí ọ̀kan tó ní mẹ́ta. Àwọn mìíràn tóbi, wọn kò gbó, ohun inú kókó wọn fẹ́lẹ́, ojú kan sì là sí i láàárín: ìrísí ọmọdé nínú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó ti dàgbà. Níbì kan wọ́n ṣù bo ojú awò látòkè délẹ̀, láìsí sẹ́ẹ̀lì mìíràn láàárín wọn. A tún rí mẹ́fà tí ìléròrò wọn dà bíi pé inú kókó gan-an ló wà. Dutcher body nìyẹn, Dutcher àti Fahey ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1959. Kì í ṣe inú kókó ló wà ní tòótọ́, ara sẹ́ẹ̀lì ló wọ kókó náà bí ìka ṣe ń tẹ iyán wọlé. Èyí ṣọ̀wọ́n gan-an nínú plasma tó kàn ń bá àkóràn jà. Nígbà tí mo rí ìkẹfà, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ìtọ̀ ló kù. Àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n fi páálí ṣe ní wọ́ọ̀dù sọ pé púrótéènì kò sí. Albumin ni páálí yẹn mọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ irú èyí tí a ń wá. Mo bu ìtọ̀ Màmá sínú túùbù, mo kán sulphosalicylic acid sí i, ó funfun bí omi ògì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àmì pé púrótéènì wà níbẹ̀. Mo wá ṣe àyẹ̀wò tó jẹ́ ti àtijọ́ jù nínú ìwé wa. Mo fi ásíìdì díẹ̀ tún ìtọ̀ náà ṣe, mo gbé túùbù sínú omi gbígbóná, mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ní 40°C kò sí nǹkan kan. Bó ṣe ń súnmọ́ 56, ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìsàlẹ̀, ó ki, ó sì ṣù. Mo gbé e lọ sínú omi tó ń hó. Ìkùukùu náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lójú mi, títí ìtọ̀ náà fi mọ́ padà. Mo gbé e síta kó tutù, ó tún padà dé. Púrótéènì mìíràn tí iná bá ti mú un dì kì í yọ́ mọ́, bí ẹyin tí a sè. Ìtọ̀ tó ń ṣe báyìí ni Henry Bence Jones gbà pẹ̀lú ìwé ìbéèrè ní London ní 1845, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe púrótéènì náà títí dòní. Àyẹ̀wò yìí máa ń tàsé, kò yẹ kéèyàn fi í rọ́pò ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n iná, omi àti túùbù wà ní Iléṣà lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ kò sí.

A fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún electrophoresis, àyẹ̀wò tó ń fi iná mànàmáná ya púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ gànnàngànnàn, 61 g/L, oríṣi áńtíbọ́dì kan tí à ń pè ní IgG kappa. Nígbà tí ara bá ń bá àkóràn jà, oríṣiríṣi áńtíbọ́dì ló máa ń ṣe, wọn á sì fẹ̀ lórí pépà bí ẹ̀yìn òkè. Ìlà tó rí ṣóńṣó báyìí túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì kan ló bí gbogbo wọn. X-ray fi ihò hàn nínú egungun orí, bíi pé ẹnì kan fi ìṣó lu ú, egungun ẹ̀yìn kan sì ti rún wálẹ̀. Nígbà yẹn la kọ ọ́: multiple myeloma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì plasma.

Kì í ṣe ọmọ odó ló ba ẹ̀yìn Màmá jẹ́. Oògùn ara ríro tí wọ́n sì fi ń pẹ̀tù sí i, kíndìnrín tí irú púrótéènì yìí ń dà lé lórí kò fẹ́ ẹ rárá. Dókítà dá a dúró lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fa omi sí Màmá lára láti fọ kálísíọ́ọ̀mù náà wálẹ̀.

Ọmọkùnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ wá bá mi ní láàbù. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde. Ó fẹ́ rí i. Mo gbé sílàídì sábẹ́ awò, mo fi Mott cell kan hàn án. Ó wò ó títí, ó wá bi mí bóyá ìléròrò yẹn ni oògùn fẹ́ pa. Ìbéèrè tó dára ni. Mo sọ fún un pé bortezomib tí dókítà kọ máa ń dí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń run púrótéènì tó bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè fara dà á dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ púrótéènì láàárọ̀ àti lálẹ́, ìdọ̀tí tirẹ̀ náà ni yóò pa á. Ó mi orí. Ó ní ilẹ̀ bàbá wọn kan wà lẹ́bàá ọ̀nà oko kòkó.

Wọ́n ta ilẹ̀ náà. Inú mi kò dùn sí i, mo sì ń sọ ọ́ síbi tí àwọn tó ń ṣètò ìlera bá ti lè gbọ́: kò yẹ kí ìdílé máa ta ilẹ̀ kí egungun ìyá wọn tó lè dúró. Bortezomib lábẹ́ awọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú cyclophosphamide àti dexamethasone, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì le, ẹsẹ̀ ń ta wọ́n pìnpìn. Nígbà tó di oṣù kẹrin, PCV ti di 31 láìgba ẹ̀jẹ̀ kún un, globulin ti wálẹ̀ sí 41, creatinine 118. Ihò egungun kò dí, egungun tó rún kò nà padà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọ̀pá rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ wọn obìnrin ló ń gún iyán báyìí, Màmá a jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, wọ́n á máa ní “ó kù, ó kù” títí kókó fi tán nínú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ní oṣù kẹrin yẹn, mo na ẹ̀jẹ̀ wọn sórí sílàídì bíi ti tẹ́lẹ̀, mo pa á láró nínú ìgò kan náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò búlúù tó ti àkọ́kọ́. Lábẹ́ awò, díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ṣì tò léra ní méjì-méjì, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù dá dúró, àyè sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílàídì ọjọ́ Jímọ́ yẹn nínú àpótí.